Ọ̀rọ̀ Tí Ògbufọ̀ Fò

“Tún un sọ,” ni bàbá rẹ̀ wí.

Ọmọbìnrin náà tún un sọ ní èdè àwọn àlejò. Bàbá rẹ̀ dá ọwọ́ dúró lára àwọ̀n tó ń tún ṣe, ó tẹ́ etí sílẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dún wù ú.

“Ìyẹn ni pé, ‘Ẹ má kọ́ èbúté yín sí Ìyẹ̀wù’?”

“Ìyẹn ni, Bàbá.”

“O sọ ìdí rẹ̀?”

“Mo sọ ọ́. Mo ní ibẹ̀ ni ẹja ń yé sí. Mo ní bí ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì bá wọ ibẹ̀, ọmọ ẹja ò ní yè.”

“Ó dáa. Bó o ṣe sọ ọ́ yìí gan-an ni kó o sọ ọ́ lọ́la. Má bu iyọ̀ sí i, má sì yọ nínú iyọ̀ rẹ̀.”

Olórí àwọn apẹja ni bàbá náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Ògbufọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè òkèèrè bíi tirẹ̀ ní gbogbo etí adágún náà. Aláwàdà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Aláwàdà ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ni ọkọ̀ kan, wọ́n sì ti jọ ń wà á láti ìgbà tí irun orí wọn ti dúdú.

Ibì kan wà lára adágún náà tí omi ti wọ inú ilẹ̀ lọ bí àpò, tí eèsún sì yí i ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyẹ̀wù. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí apẹja tó ń ju àwọ̀n síbẹ̀. Ẹni tó bá máa gba ibẹ̀ kọjá á gbé àjẹ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀, á máa fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ kí ohunkóhun kan ara ọkọ̀ kó dún. Gbogbo ẹja tí wọ́n ń pa nínú adágún yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde látinú ẹyin.

Ìjọba wọn àti ìjọba orílẹ̀-èdè kan lókè òkun ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Àwọn ará òkèèrè á mú owó àti ìmọ̀ wá, ìjọba á fún wọn ní ilẹ̀ etí omi. Wọ́n á jọ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì àti èbúté, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ á sì máa wá wo omi àti ẹyẹ. Ọ̀nà tó dáa ń bọ̀, iná mànàmáná ń bọ̀, ilé ìwòsàn pàápàá ń bọ̀. Bàbá náà kò lòdì sí i.

“Kí wọ́n máa bọ̀,” ni ó máa ń wí. “Àlejò tó bá wọlé, pálọ̀ ló ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó ń mú un wọ ìyẹ̀wù.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn apẹja máa bá àwọn àlejò náà ṣèpàdé, ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ ìjọba dá ọmọ náà dúró lẹ́yìn kíláàsì. Táì ọkùnrin náà pupa, ó sì gùn débi ìdí, àwọn ọmọléèwé sì ti sọ ọ́ ní Onítáì kó tó dúró dáadáa.

“Ìwọ ni Ògbufọ̀?”

“Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Wọ́n ní èdè yìí yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú àdéhùn yìí pé a máa rán àwọn ọ̀dọ́ kan lọ sókè òkun, kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àlejò. Ọwọ́ mi ni ẹni àkọ́kọ́ máa ti jáde.”

Ọmọ náà gbé ojú sókè.

“Ṣùgbọ́n gbọ́,” ni Onítáì wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bí àwọn èèyàn yìí bá gbọ́ pé wàhálà wà nílẹ̀, adágún mìíràn ni wọ́n máa kó owó wọn lọ. Àwọn àgbà, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n sì ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àbí wọn ò fi òwe kọ́ yín níbí?”

“Wọ́n fi kọ́ wa, sà.”

Ó gbá a léjìká pẹ́pẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ náà mọ̀ pé òwe yẹn kò ní kéèyàn gbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an jù sínú igbó. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ó rántí yàrá kékeré tí òun àti bàbá rẹ̀ ń sùn, tí àwọ̀n gba ìdajì rẹ̀. Ó rántí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń di imú bó bá ti wọ kíláàsì. “Ẹja ti dé o! Ẹ ṣí fèrèsé!” Ó rí ara rẹ̀ nínú bàálù, pẹ̀lú bàtà tuntun, tó ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ òórùn ilé wọn.

Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Yàrá náà kéré, wọ́n sì ní ẹnì kan péré ni kí àwọn apẹja rán wá, kó sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Obìnrin àlejò kan tó wọ gíláàsì ojú ló ṣáájú àwọn ará òkèèrè. Wọ́n fi àwòrán adágún kọ́ ara ògiri, ibi tí wọ́n kùn ní pupa fún èbúté sì bọ́ sí Ìyẹ̀wù gẹ́lẹ́.

Bàbá náà dìde, ó ṣí fìlà. Ó kí wọn kú àbọ̀. Ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ó ní inú àwọn dùn sí ọ̀nà àti iná àti ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ibi tó pupa.

“Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni ẹja ń yé sí. Bí ẹ bá da ibẹ̀ rú, àwa ò ní iṣẹ́ mọ́, ẹ̀yin náà ò sì ní rí ẹyẹ tẹ́ ẹ wá wò, torí ẹja ni ẹyẹ ń jẹ. Ẹ gbé e lọ síbòmíràn.”

Ó wo ọmọ rẹ̀. Obìnrin onígíláàsì náà wo ọmọ rẹ̀. Onítáì ń wo orí bàtà ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà la ẹnu. Ó ní bàbá òun ní ibẹ̀ rẹwà púpọ̀, àwọn ẹyẹ sì pọ̀ níbẹ̀, ó sì dá òun lójú pé àwọn àlejò máa gbádùn rẹ̀.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sí àyà, ó tẹrí ba fún bàbá náà.

Bàbá jókòó. Ó fi ẹnu sún mọ́ etí ọmọ rẹ̀. “Kò dún bíi ti àná.”

“Mo fi ọ̀wọ̀ sí i ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń bá àgbà wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn.”

“Kí ló wá wí?”

“Ó ní òun ti gbọ́.”

Bàbá mi orí. Ọmọ òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló tún kù? Ó lọ bá àwọn apẹja létí omi, ó ní, “Wọ́n gbà.” Wọ́n fò sókè. Aláwàdà ní bí Ògbufọ̀ bá ti fẹ́ lọ sílé ọkọ, ẹja ni òun á fi dá a lọ́lá, ẹja tó gùn ju ọkọ ìyàwó lọ.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe wọlé ni ẹ̀rọ katakata dé. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Wọ́n ń gé eèsún Ìyẹ̀wù! Ṣé o ò ní wọ́n ti gbọ́?”

“Bóyá wọ́n yí ọkàn padà ni, Bàbá.”

Irọ́ kì í dá rìn. Èkejì ti tẹ̀ lé àkọ́kọ́.

Bàbá náà lọ sí ẹnu géètì ibi iṣẹ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ ní kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dá a padà.

Wọ́n wú eèsún náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n da kọnkéré sí i. Òtẹ́ẹ̀lì dìde. Iná dé lóòótọ́, ọ̀nà dé, ilé ìwòsàn dé, dókítà kan sì ti òkè òkun wá síbẹ̀. Àwọn àlejò ń wọ́ wá. Ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀ nínú Ìyẹ̀wù, epo ń dán lójú omi bí awọ ejò. Omi ìdọ̀tí ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ń ṣàn wọ adágún. Ọ̀rá tí àwọn àlejò ń jù sómi ń há mọ́ àwọ̀n.

Ẹja kò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ kéré, ó wá wọ́n.

“Mo rí ọ̀kan lónìí,” ni Aláwàdà wí nígbà kan. “Mo ní kó bá mi kálọ. Ó ní ọmọdé lòun, kí n lọ tọrọ òun lọ́wọ́ ìyá òun. Mo bi í pé ìyá rẹ̀ dà. Ó bú sẹ́kún.”

Àwọn apẹja rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jìnnà.

Ní ti Onítáì, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Kò sí ìwé ìrìnnà, kò sí bàálù. Òtẹ́ẹ̀lì fún ọmọbìnrin náà ní aṣọ iṣẹ́ lẹ́yìn tó parí ìdánwò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró ní èbúté, kó gbé abọ́ pẹrẹsẹ tí ife omi tútù wà lórí rẹ̀ dání, kó máa kí àwọn àlejò kú àbọ̀ ní èdè wọn. Ibi tó ń dúró sí gan-an ni eèsún ti pọ̀ jù nígbà kan.

Nígbà tí àwọn ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, àwọn ará òkèèrè fúnra wọn pe ìpàdé. Obìnrin onígíláàsì padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú ògbufọ̀ tirẹ̀ wá láti olú ìlú, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Gbàgede òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n jókòó sí, gbogbo apẹja sì wá. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé omi tútù dání.

Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ó sọ nípa ẹyin ẹja, ó sọ nípa eèsún. Ọ̀dọ́kùnrin náà túmọ̀ rẹ̀ tán pátá. Obìnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́.

“Ìyáàfin ní ó dun àwọn púpọ̀,” ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí. “Wọ́n ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún àwọn ṣáájú? Wọ́n ní ẹ̀yìn àpáta ọ̀hún yẹn, ibẹ̀ ni àwọn ì bá kọ́ èbúté sí, kò sì ní ni àwọn lára rárá. Wọ́n ní ní ìpàdé àkọ́kọ́, olórí àwọn apẹja fúnra wọn ló dìde tó yin ibẹ̀ fún àwọn.”

Orí gbogbo apẹja yí sí ọ̀dọ̀ bàbá náà.

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Kò wò ó pẹ́. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ife orí abọ́ tó gbé dání.

“Òótọ́ ni,” ni bàbá náà wí. “N kò sọ fún wọn. Mo gbàgbé.”

Aláwàdà dìde. “O gbàgbé kí ni? Ìyẹ̀wù? Ìwọ?”

“Mo ti ń dàgbà.”

“Ṣé ìwọ kọ́ lo wá bá wa létí omi tó o ní wọ́n gbà?”

“Èmi ni.”

“Kí ni wọ́n fún ọ?”

Bàbá náà dé fìlà rẹ̀. Ó jáde. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi tútù.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ náà kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, èmi ni mo…”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ gbé e ru ara yín?”

“Ta ni kí n gbé e rù? Ìwọ ni mo bí.”

“Màá lọ sọ fún wọn lọ́la.”

“Kí wọ́n lè lé ọ kúrò níbí? Fi sílẹ̀. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù.”

Ó dìde. Bàbá rẹ̀ jókòó ti àwọ̀n tí kò sí ẹja tó máa mú mọ́, ó ń wá ibi tó ya.

“Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́,” ni ó wí. “Má túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi mọ́.”

Kò pariwo. Ì bá sàn fún ọmọ náà ká ní ó gbá a létí.

Kò lọ sọ fún àwọn apẹja. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé bàbá òun ló ní kí òun má lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó rọrùn fún un láti gbọ́ràn.

Àwọn apẹja yan olórí mìíràn. Aláwàdà kó àwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ tí wọ́n jọ ni, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa gbádùn rẹ̀. Kò bá a ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì bá a jà. Kò kàn kí i mọ́. Àwọn ọmọdé ń wò ó láwòmọ́jú bó bá ń kọjá.

Ẹja kò sí nítòsí mọ́. Àwọn tó ṣì ń wá a ń lọ sí agbami, méjì méjì, torí omi ibẹ̀ le. Bàbá náà dá lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó nínú ọkọ̀ kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì kan gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kọjá níbẹ̀, orin ń dún nínú rẹ̀. Ìgbì tó fà sílẹ̀ dojú ọkọ̀ bàbá náà dé. Wọn kò rí i. Ó di ìdí ọkọ̀ náà mú títí oòrùn fi ń wọ̀. Aláwàdà ló rí i, ó wọ́ ọ sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó gbé e délé ìwòsàn. Kò bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ.

Omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró bàbá náà, òtútù sì ti mú un dé eegun. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Dókítà àlejò náà wá, ó wo àwòrán àyà rẹ̀, ó sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè yé e. Ó yé e jù.

“Kí ló wí?” ni bàbá rẹ̀ bi í. Èémí rẹ̀ ń já.

Ó wá sí i lọ́kàn láti sọ pé ara bàbá òun á yá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró yín ti bàjẹ́, Bàbá. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ìwọ̀n tí apá àwọn ká. Wọ́n ní… wọ́n ní ẹ ò ní pẹ́ mọ́. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá wà tẹ́ ẹ fẹ́ rí, kí á tètè pè é.”

Kò fo ohunkóhun. Kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ níbẹ̀.

Bàbá náà wo ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀. Kò rí i.

“Bá mi pe nọ́ọ̀sì yẹn,” ni ó wí. “Kí òun náà bá mi bi í.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí wọ́n bu omi fún òun.

Ọmọ náà jáde. Ó pe nọ́ọ̀sì wá. Nọ́ọ̀sì bi dókítà, ó sì jókòó sétí ibùsùn, ó sọ ohun kan náà fún bàbá, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bàbá náà mi orí. Nísinsìnyí ó ti gbà á gbọ́.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni ó wí fún nọ́ọ̀sì.

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ.

Bàbá náà ní Aláwàdà ni òun fẹ́ rí. Wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ó ní ọwọ́ òun dí. Nígbà tó wá yọjú lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ká aṣọ ibùsùn náà. Ọmọbìnrin náà bá a níta, lábẹ́ igi tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Aláwàdà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Mo rò pé ó tà wá ni.”

“Wọn ò ta yín, sà. Èmi ni.”

“Àní mo gbé e nínú ọkọ̀, n kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń wò mí. N kò sọ pé ‘pẹ̀lẹ́’.” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “O wá ń sọ ọ́ fún mi báyìí. Kí ni kí n fi ṣe? Ta ni kí n lọ bẹ̀?”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin náà dúró láàárín àwọn apẹja, ó sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó lé e. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ. Òtẹ́ẹ̀lì ṣì wà níbẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n yàrá tó ṣófo ti pọ̀ ju èyí tí èèyàn wà lọ, torí kò sí ẹyẹ mọ́.

Àlejò tó mú owó wá kì í ṣe ọ̀tá. Ìdàgbàsókè kì í ṣe ọ̀tá. Ṣùgbọ́n kò sí àjọṣe tó lè ṣeni láǹfààní bí ẹni tó wà láàárín bá fi òótọ́ pamọ́ nítorí ikùn ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán yín, ẹ jẹ́ ẹ tán. Bí ẹ bá ti ṣì í jẹ́, ẹ tètè padà lọ sọ ọ́ nígbà tí ẹni tó máa gbọ́ ọ ṣì wà láàyè. Omi tó bàjẹ́ lè tún mọ́, bó pẹ́ bó yá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ yìí sọ òótọ́ gan-an, bàbá rẹ̀ kò gbà á gbọ́ mọ́, ó sì kú bẹ́ẹ̀.